Jíìpù àtijọ́ tó ń dán nínú ẹrọ̀fọ̀ Ẹ̀pẹ́: báwo la ṣe ń mọ èyí tí wọ́n tọ́jú dénú?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀gá mi tí a jọ ń wọn ilẹ̀ wọ ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìlárá, l'Ẹ̀pẹ́ níbí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, Highlander wa sì rì. Ibi tá a dúró sí ni Land Cruiser àtijọ́ kan ti yọ sí wa, ara ẹ̀ búlúù, orí ẹ̀ funfun, ó mọ́ tónítóní àfi ẹrẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ta sí i lára. Bàbá tó ń wà á sọ̀kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ àárín táyà iwájú, wọ́n yí nǹkan kan lọ́tùn-ún, wọ́n yí i lósì, wọ́n padà wọlé, wọ́n rọra gba inú ẹrọ̀fọ̀ yẹn kọjá, wọ́n tún wá fi okùn fà wá jáde. Wọ́n ní ọkọ̀ 1978 ni. Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin àtijọ́ ló lágbára ju tòde òní lọ ni, àbí ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e pamọ́ sílé tí wọn kì í lò ó? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tí wọ́n tọ́jú lóòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Torí ẹnì kan ní irú ẹ̀ tó fẹ́ tà fún mi ní Ìkòròdú, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n rà á."

Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á rí irú ọkọ̀ yẹn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bá tiwọn lọ, ìwọ dúró, o wo ohun tí bàbá ń fọwọ́ ṣe. Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé Land Cruiser 40 ni, èyí tó kúrú, tí wọ́n kọ TOYOTA gàdàgbà sáàárín iná iwájú méjèèjì. Láti 1960 títí di 1984 ni wọ́n fi ṣe é ní Jàpáàn, nítorí náà 1978 tí bàbá sọ bá a mu. Tó bá jẹ́ FJ40 tí wọn ò tíì paárọ̀ nǹkan nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì 2F ló yẹ kó wà níbẹ̀, sìlíńdà 6, lítà 4.2, bẹtiróòlù ló ń mu. Àmọ́ jẹ́ kí n ti sọ èyí kí n tó lọ jìnnà: fọ́tò kì í fi abẹ́ ọkọ̀ han èèyàn, abẹ́ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ yìí wà, torí náà mi ò lè bá ọ búra pé tinú tòde ẹ̀ ló dáa. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé gbogbo ohun tó o ní bàbá ṣe lójú ọ̀nà yẹn, ìṣe ẹni tó mọ ọkọ̀ ẹ̀ ni.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ irin yẹn, torí òun ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ pé irin àtijọ́ ló ki. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣásíìsì ẹ̀, ìyẹn irin abẹ́ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, nípọn, ásùlù iwájú àti tẹ̀yìn jẹ́ irin gbọọrọ kan ṣoṣo látọ̀tún dósì, sípírìngì ẹ̀ sì jẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, kò sí ohun tó díjú níbẹ̀ tó máa ṣàdédé já. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún, irin àtijọ́ ò sàn rárá, kódà ó burú jù, páànù ara 40 yìí kì í pẹ́ jẹrà torí wọn ò bò ó lọ́wọ́ omi bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọkọ̀ òde òní. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú ti jẹrà tipẹ́, oníkọ́ńdẹ́mù ti kó wọn, wọ́n ti yọ́ wọn, èyí tó ṣẹ́kù nìkan là ń rí lójú ọ̀nà, a wá ń rò pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Tún wo ibi tá à ń gbé. Ọ̀sà wà níwájú wa, òkun ò jìnnà, ooru ń mú, òjò ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀, yẹ̀pẹ̀ pupa wa yìí tó bá ti lẹ̀ mọ́ irin lábẹ́ ọkọ̀, á máa gba omi sára, kò ní tètè gbẹ. Kí irin pé ju ogójì ọdún lọ ní irú ibi báyìí kó má dógùn-ún, ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún ò sì gbọ́dọ̀ sinmi.

Èkejì ni pé o rò pé wọn kì í gbé e jáde. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó o fetí sí dáadáa, torí àwọn tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ máa ń wá èyí tí wọn ò lò, wọ́n á ní "ó ti wà nínú gáréèjì láti ọdún mélòó kan, kò tíì rìn rárá", inú wọn á dùn. Èmi tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, àyà mi máa ń já. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan, ńṣe ló ń kú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀. Bẹtiróòlù inú táǹkì á bàjẹ́, á di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra, á dí gbogbo ihò tíntìntín inú kábúrétọ̀. Inú táǹkì tí epo ò kún á dógùn-ún, ìdógùn-ún yẹn á máa já bọ́ sínú páìpù epo. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn ni ìwà tiẹ̀, tí ọkọ̀ ò bá rìn, tí wọn ò sì pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn, omi tó fà mọ́ra á jẹ inú sìlíńdà bíréèkì, bíréèkì á wá gan. Rọ́bà tí ọ́ìlì ò dé ara ẹ̀ á le, á sán, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ jáde ni gbogbo ibi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Eku á tún wá jẹ wáyà. Ọkọ̀ bàbá tó o rí yẹn, mo lè sọ fún ọ láìrí abẹ́ ẹ̀ pé wọ́n ń lò ó dáadáa, torí ọkọ̀ tí kì í jáde ò ní wọ ẹrọ̀fọ̀ oko lẹ́yìn òjò kó sì jáde láìkọ́. Lílò tí wọ́n ń lò ó wà lára ohun tó jẹ́ kó mọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa tètè gbọ́ ohùn tí kò yẹ kó gbọ́.

Wàyí o, ohun tí bàbá yí láàárín táyà yẹn. Họ́ọ̀bù là ń pè é. Tó o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé wọ́n kọ FREE àti LOCK sójú ẹ̀. Tó bá wà ní FREE, táyà iwájú ń yí fúnra ẹ̀ lásán, ọ̀pá inú ásùlù ò bá a yí, ìyẹn ni wọ́n fi ń wà á lójú títì, ó máa ń dín jíjẹ irin kù, ó sì ń dín epo kù díẹ̀. Tí wọ́n bá yí méjèèjì sí LOCK, ọ̀pá iwájú ti so mọ́ táyà nìyẹn, tí wọ́n bá wá fa gíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá, ẹ́ńjìnnì á máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí kò mọ̀ á gbàgbé họ́ọ̀bù, á fa gíà, á tẹná títí, táyà ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa walẹ̀. Bàbá ti yí i kí wọ́n tó wọ inú ẹrọ̀fọ̀, wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n rì, mo nífẹ̀ẹ́ ìyẹn gan-an. Tí wọ́n bá sì dé ojú títì padà, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, torí táyà iwájú àti tẹ̀yìn kì í rin iye kan náà tí ọkọ̀ bá ń yà, ilẹ̀ rírọ̀ á jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀ kí ara lè tu gíà, ojú ọ̀dà ò ní gbà fún un, ìnira yẹn á lọ bá gíà àti pùròpẹ́là, wọ́n á fọ́. Ọ̀pọ̀ 40 tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa lójú ọ̀nà Ìtòíkín pẹ̀lú gíà tó ń ké, ibi tó ti wá nìyẹn.

Má wá bá Highlander yín jà o. Wọn ò ṣe é fún irú ọ̀nà yẹn. Àwọn míì nínú ẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ táyà iwájú nìkan ló ń fà á, èyí tó ń fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an ò ní gíà kékeré tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára. Gíà kékeré yẹn ló ṣiṣẹ́ fún bàbá. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí dáadáa kí táyà sì máa yí díẹ̀díẹ̀, kò sí ìdí láti tẹná. O sọ ọ́ fúnra ẹ pé wọ́n "rọra" gbà á kọjá. Táyà ẹ̀ tún tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gé ẹrẹ̀ wọlẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ iyanrìn etí òkun, lọ́hùn-ún nÍbẹ̀jú àbí Bàdágìrì, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á rì àyàfi tí wọ́n bá dín afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kù. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń bá a lò.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti délé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á fọ bọ́dì, wọ́n á fi ọṣẹ bó o, wọ́n á fi aṣọ nù ún, abẹ́ ẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀. Ṣásíìsì 40 ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú ẹ̀ ṣófo, ẹrẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ wọlé lọ jókòó, á máa jẹ irin látinú bọ̀ síta, lọ́jọ́ tó o bá máa rí i lóde, ó ti tán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ki ọ́ọ̀sì omi bọ ihò yẹn, á jẹ́ kí omi máa ṣàn títí èyí tó ń jáde á fi mọ́, á wá jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn, lẹ́yìn náà á fọ́n ọ́ìlì sínú ẹ̀. Á tún fún gírísì sí gbogbo níbù gírísì tó wà lára pùròpẹ́là àti ẹsẹ̀ sípírìngì, títí gírísì tuntun á fi ti èyí tó dọ̀tí jáde. Tí ọkọ̀ bá ti wọ omi tó bo àárín táyà, ó tún gbọ́dọ̀ yẹ ọ́ìlì dífírẹ́ńṣà, ìyẹn gíà tó wà nínú ásùlù, wò. Ìdí ẹ̀ nìyí: tí ásùlù bá ti gbóná láti ìrìn, tó wá já sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á sún kì, á fẹ́ fa nǹkan míì wọlé dípò, tí ihò kékeré tó fi ń mí lórí bá ti dí, omi ló máa fà gba ẹnu rọ́bà. Wàá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, tí ọ́ìlì tó jáde bá funfun bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n dà á nù kíákíá, torí ọ́ìlì olómi ò lè dáàbò bo béárìn. Owó ọ́ìlì yẹn ò tó nǹkan kan lára owó dífírẹ́ńṣà. Bàbá tó o rí yẹn, bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é, bóyá mẹkáníìkì kan ló ń bá wọn ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnì kan ń ṣe é ṣá.

Ó wá kan bó o ṣe máa mọ èyí tí wọ́n tọ́jú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé má wo ara ẹ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Péńtà tó mọṣẹ́ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ òkú ọkọ̀ di ìyàwó. Wá nǹkan tẹ́ sílẹ̀, mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré kan, kó o wọ abẹ́ ẹ̀. Máa kan ṣásíìsì láti iwájú lọ sẹ́yìn, irin tó wà láàyè á dún gan-an-gan, ibi tó ti jẹrà á dún pọ̀, ó dà bí ohun tó ṣófo àmọ́ kò ní jí ohùn padà fún ọ. Lo àkókò dáadáa níbi tí ẹsẹ̀ sípírìngì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásíìsì, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Tó o bá rí ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n kùn nípọn sábẹ́ ọkọ̀ tó sì jẹ́ pé ibòmíì ò dà bẹ́ẹ̀, fi sukudiráfà họ ọ́, kó o tọrọ ààyè lọ́wọ́ olówó ẹ̀ kó o tó họ ọ́ o. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, o ti gbọ́ èsì. Mo tún máa ń wo irin roboto tó wà lẹ́yìn táyà iwájú, ibi tí táyà ti ń yà. Lára 40 tó dáa, wàá rí gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ẹ̀, ó mọ́, ó ń dán. Tó bá gbẹ táútáú tó sì ti ń dógùn-ún, kò sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Tí ọ́ìlì pẹ̀lú gírísì bá ń ṣàn jáde níbẹ̀ tó ń kán sílẹ̀, rọ́bà inú ásùlù ti jẹ, ọ́ìlì dífírẹ́ńṣà ló ń wọ ibẹ̀ bọ̀, ìyẹn ṣe é tún ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, kí owó ẹ̀ kúrò lára iye tí wọ́n pè.

Lẹ́yìn abẹ́ lo wá máa wo ara. Mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ ti tó, fi aṣọ wé e kó má bàa ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kó o máa gbé e lé ibi kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti fi bọ́dì-fílà dí ihò, mágínẹ́ẹ̀tì ò ní dì í mú, tàbí kó kàn máa yọ̀ sílẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, wo yíká ibi tí táyà ẹ̀yìn wọ̀ sí, wo ẹsẹ̀ fírémù gíláàsì iwájú, wo gọ́tà tó yí orí ẹ̀ ká, àwọn ibi tí 40 ti ń jẹrà jù nìyẹn. Àmọ́ má jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì tàn ọ́ jẹ o: orí funfun tó o rí lórí ọkọ̀ bàbá yẹn, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn láéláé, kì í ṣe pé wọ́n dọ́gbọ́n sí i. Tó bá sì jẹ́ Land Rover àtijọ́ ni wọ́n gbé fún ọ, alumíníọ́mù ló pọ̀ jù lára bọ́dì ẹ̀, kò sí mágínẹ́ẹ̀tì tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí Land Rover máa tan àwọn èèyàn, ara ẹ̀ á mọ́, kò sí ihò kankan, ṣásíìsì irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ á sì ti jẹrà tán.

Àwọn àmì kéékèèké tún wà tí mo fẹ́ràn ju ọ̀dà lọ. Wo rọ́bà orí bíréèkì àti kọ́lọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ 1978 tó ń rìn, ẹsẹ̀ á ti jẹ rọ́bà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Wo orí nọ́ọ̀tì, ṣé igun ẹ̀ ṣì mú àbí sípánà tí kò bá a mu ti sọ ọ́ di roboto, mẹkáníìkì tó ń fọ́ orí nọ́ọ̀tì ò ní ṣe inú ẹ̀ dáadáa. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo wáyà, ṣé ó tò lẹ́sẹẹsẹ àbí wọ́n ti fi ọ̀rá àti séláténpù so ó kiri. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà, tó o bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń dán tí táyà ẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ojú ẹ̀ sì ṣì kún bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ìjókòó ló jókòó sílé, kò rìn. Ọkọ̀ tí ọ̀dà ẹ̀ ti ṣá díẹ̀, tí gírísì ẹ̀ tuntun, tí táyà ẹ̀ ò tíì pẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jó lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó tutù, èmi á mú un, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kù, èyí ò gbọdọ̀ fò ọ́ rárá. Nọ́ńbà ṣásíìsì 40 wà lára ṣásíìsì gan-an, lápá ọ̀tún níwájú, wọ́n lù ú sára irin, o lè ní láti fi wáyà búrọ́ọ̀ṣì nu ẹrẹ̀ kúrò kó o tó rí i. Lẹ́tà tó bá ṣáájú ẹ̀ ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó bá a wá látilé: tó bá jẹ́ FJ, bẹtiróòlù ni, tó bá jẹ́ BJ, dísù ni. Tó o bá rí BJ lára ṣásíìsì tó o wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó o bá bẹtiróòlù, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ó lè má burú, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bébà ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Nọ́ńbà ṣásíìsì tá a mọ̀ lónìí, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú ẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀, 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí náà ẹni tó bá fi nọ́ńbà 17 hàn ọ́ tó ní ọkọ̀ 1976 ni, kó ṣàlàyé ara ẹ̀. Tún rántí pé apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, 2 April 1972 la yí sí apá ọ̀tún. Jíìpù tó bá ti wà nílẹ̀ yìí ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ máa wà látilé, tí wọ́n bá ti gbé e sí òsì, wo iṣẹ́ wẹ́dà tí wọ́n ṣe níbi tí sítíárìn ti so mọ́ ṣásíìsì dáadáa, torí ẹ̀mí rẹ ló wà níbẹ̀. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń bẹ̀rù Land Rover tó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n bá ti yí sítíárìn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé kó o wá rà á? Kí n sọ òótọ́ fún ọ bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tó o máa ní nìyẹn, tó o máa fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tó o máa wà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú lọ sí Èkó, má rà á. Lítà bẹtiróòlù kan ò ní gbé e ju bíi kìlómítà 5 sí 6 lọ, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ìwọ náà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Kò sí éábáàgì, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tó dé lẹ́yìn ló wá ní dísíìkì níwájú, ó sì kúrú, tó bá ń sáré lójú títì ó máa ń fò kiri, ọwọ́ èèyàn ò gbọdọ̀ kúrò lórí sítíárìn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà oko ni iṣẹ́ rẹ, tó o fẹ́ ohun tó lágbára tí kò ní fún ọ láwọn wàhálà yìí, Land Cruiser 70, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984 tí wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní, tàbí Hilux onítáyà mẹ́rin tó ń fà tó sì ní gíà kékeré á sàn fún ọ, mẹkáníìkì tó mọ̀ wọ́n wà káàkiri. Àmọ́ tó o bá ní ọkọ̀ míì fún ojoojúmọ́, tó o sì fẹ́ èyí torí pé ọkàn rẹ fẹ́ ẹ, ìyẹn yàtọ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, inú mi á tiẹ̀ dùn, torí a ò fẹ́ kí wọ́n tán nílẹ̀ yìí.

Ní ti páàtì, kò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì 2F wọnú Land Cruiser 60 náà, nítorí náà tó o bá dé Ládìípọ̀, má kàn bèèrè ti 40 nìkan, bèèrè ti 60 pẹ̀lú. Toyota fúnra wọn kéde ní 2021 pé àwọn máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn páàtì kan fún 40, tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ tó mọ kábúrétọ̀ tún ṣe. Àwọn ọmọdé tó ń ṣe mẹkáníìkì báyìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ka ọkọ̀, tí wọ́n bá rí kábúrétọ̀, wọ́n á ní kó o yọ ọ́ kúrò. Kó o tó wá ọkọ̀, wá mẹkáníìkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o padà lọ kí bàbá yẹn. Ọ̀nà oko yẹn náà ni wọ́n á máa gbà, àwọn ará Ìlárá á mọ̀ wọ́n, ọkọ̀ tó dá yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fara sin. Dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, dúpẹ́ fífà tí wọ́n fà yín jáde, má bèèrè iye tí wọ́n máa tà á, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun irú wọn. Bèèrè pé "Bàbá, ta ló ń bá yín tún un ṣe?" Tí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan fún ọ, o ti rí ohun tó níye lórí ju ọkọ̀ lọ. Fọ́tò tó o yà yẹn pẹ̀lú, jọ̀ọ́ bo nọ́ńbà ọkọ̀ wọn kó o tó fi síta, má sì sọ ibi tó o ti rí wọn, àwọn olè ọkọ̀ náà ń wo fọ́tò.

Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ ní Ìkòròdú, o ò sọ iye tí wọ́n pè é, o ò sì sọ bóyá ó ń rìn, torí náà mi ò ní sọ pé rà á tàbí má rà á. Pe ẹni yẹn, sọ fún un pé kó má tíì tanná sí i lọ́jọ́ tó o máa wá, o fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní tútù. Nígbà tó o bá débẹ̀, fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó o tó kí i tán, tó bá gbóná, wọ́n ti ṣáná sí i kó o tó dé, bèèrè ìdí ẹ̀. Ya fọ́tò nọ́ńbà ṣásíìsì lára irin àti nínú bébà, ya ẹ̀yìn táyà iwájú méjèèjì, ya ibi tí sípírìngì ẹ̀yìn ti so, ya inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kó o tó san kọ́bọ̀, wọ́n ì báà sọ fún ọ pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.